Ìpamọ́ Igbó Olódi: Ìdí Tí Olùgbèjà Àyíká àti Ọmọ Ìbílẹ̀ Fi Ń Jà

Ìpamọ́ igbó olódi ni kí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan pààlà sí igbó, kí wọ́n lé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n sì fi aṣọ́gbó tó gbé ìbọn dání sẹ́nu ọ̀nà. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ibi tí èèyàn bá wà, igi àti ẹranko ò lè pẹ́ níbẹ̀. Ó yẹ kí àwa ará Ìjẹ̀bú mọ èrò yìí dáadáa, nítorí igbó ńlá kan, Igbó Omo, wà lọ́dọ̀ wa tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀. Lọ́dún 1872 ni ìjọba ibẹ̀ ya ilẹ̀ Yellowstone sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bíi páàkì. Àwọn ẹ̀yà bíi Shoshone, Bannock àti Crow ti ń ṣọdẹ níbẹ̀ láti ìrandíran, síbẹ̀ wọ́n tì wọ́n síta, wọ́n sì ń sọ fún àlejò pé aginjù tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí ni. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló dé Áfíríkà. Nígbà tí Uganda sọ igbó Bwindi di páàkì lọ́dún 1991, àwọn Batwa tí igbó náà jẹ́ ilé àti oúnjẹ fún bá ara wọn níta, ọ̀pọ̀ wọn láìní ilẹ̀ kankan.

Ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà Ogiek ní Kenya ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ìjọba ní kí wọ́n kúrò nínú igbó Mau, pé nítorí ìpamọ́ igbó ni. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà tó wà ní Arusha, wọ́n sì jàre ní oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ilé ẹjọ́ ní kì í ṣe àwọn Ogiek ló ba igbó jẹ́. Àwọn mìíràn tó ya wọ ibẹ̀, ilẹ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ gé fún àwọn èèyàn, àti àṣẹ gẹdú tí ìjọba fọwọ́ sí ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá mọ Igbó Omo yóò mọ ìdí tí ìdájọ́ yìí fi wọ̀ mí lára.

Lọ́dún 1925 ni ìjọba amúnisìn sọ Igbó Omo di igbó ọba. Ó fẹ̀ ju 130,000 hẹ́kítà lọ, UNESCO sì fi í sínú àwọn igbó àkànṣe rẹ̀ lọ́dún 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Àgbẹ̀ náà wà níbẹ̀, nínú àgọ́ káàkiri, tí wọ́n ń dá kóòkó, wọn kì í sì í bá àwọn aṣọ́gbó rẹ́. Òótọ́ ni pé oko kóòkó ń jẹ igbó, ó sì ń dí ọ̀nà erin. Òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú, nítorí náà a ò lè fi wọ́n wé Batwa tààrà. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ ro igbó àdáyébá tó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní lulẹ̀ ní Omo? Ìjọba ni. Igi mẹláínà ni wọ́n gbìn sípò rẹ̀, kí wọ́n lè fi ṣe bébà nílé iṣẹ́ Ìwópin. Ẹnu wo la fẹ́ fi sọ fún àgbẹ̀ pé òun nìkan ni ọ̀tá igbó?

Ìpamọ́ igbó kò sì ṣàjèjì sí wa. Ta ló jẹ́ gbé àdá wọ igbó Agẹmọ tàbí igbó Orò? Èèwọ̀ ló ń ṣọ́ wọn, láìsí ìbọn.

Ohun tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ káàkiri ayé ń béèrè dípò odi ni ìyọ̀ǹda ṣáájú, ìyẹn kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀. Ó wà nínú Ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2007. Orílẹ̀-èdè 144 gbà á, 4 kọ̀ ọ́, 11 kò dá sí i. Nàìjíríà wà lára àwọn 11 yìí, ó sì dùn mí. Ìyọ̀ǹda ṣáájú kì í ṣe kí wọ́n pe baálẹ̀ kan sí ọ́fíìsì pé kó tẹ̀ka sí ìwé tí wọ́n ti kọ tán. Kí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ tó fẹ́ pa igbó mọ́ tó ri èèkàn ààlà kankan mọ́lẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti wá. Kí wọ́n fi èdè tí ará ibẹ̀ gbọ́ ṣàlàyé ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tí yóò rí gbà. Kí ìhàlẹ̀ má sí níbẹ̀. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá sì ní àwọn ò fẹ́, kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa, ọ̀rẹ́ ni olùgbèjà àyíká àti ọmọ ìbílẹ̀. Ní Brazil lọ́dún 1989, àwọn ẹ̀yà Kayapó pe ìpàdé sí ìlú Altamira láti tako ètò láti fi ìsédò dí odò Xingu, àwọn olùgbèjà àyíká dúró tì wọ́n gbágbá, Báńkì Àgbáyé sì kó owó tó fẹ́ yá ìjọba Brazil sẹ́yìn.

Ní Omo, àwọn kan tó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀ ti di aṣọ́gbó báyìí, ìbẹ̀rẹ̀ rere sì ni. Ohun tó kù ni kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ nínú àgọ́ wọn kí wọ́n tó fa ìlà tuntun, kí ọdẹ tó mọ ipa ẹsẹ̀ erin fi ọ̀nà hàn, kí wọ́n sì ka igi kóòkó tó bá máa lọ lójú ẹni tó gbìn ín, kí wọ́n sanwó rẹ̀ kí igi àkọ́kọ́ tó wó.