Kọ́ìlì ńlá, kọ́ìlì kékeré: èwo ló bá ibi tí ẹ ti fẹ́ wá irin mu?

Ẹni tó bá fẹ́ ra dítẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń wá irin tó rì sínú ilẹ̀, ìbéèrè kan náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á: "Báwo ló ṣe ń wọlẹ̀ tó?" Ọlọ́jà ti mọ èsì tí oníbàárà fẹ́ gbọ́. Kíá ló máa nawọ́ sí èyí tí àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tóbi jù lọ, tó sì wọ́n jù lọ. Mo ti rí ẹni tó gbé irú àwo ràgàjì bẹ́ẹ̀ lọ sétí òkun ní Àgbádárìgì, ó fẹ́ fi wá yẹtí. Yẹtí, ohun tí atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé!

Àwo ìsàlẹ̀ yẹn ni kọ́ìlì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ríwáyà mọ̀ ọ́n dáadáa, torí wáyà bàbà tí wọ́n ń wé sínú fáànù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wáyà bàbà wíwé ló wà nínú àwo dítẹ́kítọ̀ pẹ̀lú, àmọ́ ìdì méjì ló sábà máa ń jẹ́. Ọ̀kan ń rán agbára òòfà sínú ilẹ̀, ìkejì ń tẹ́tí. Iná tó ń gba inú wáyà àkọ́kọ́ ń lọ síwá sẹ́yìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí agbára yẹn bá kan irin, wúrà, bàbà tàbí fàdákà, iná tín-ín-rín kan á jí nínú ohun náà fúnra rẹ̀, òun náà á sì yọ agbára òòfà tirẹ̀. Èyí ni wáyà kejì ń gbọ́ tí ẹ̀rọ fi ń dún. Ọ̀pá dúdú tí àwọn sikiọ́rítì máa ń fi gba ara wa kọjá lẹ́nu ọ̀nà báńkì, iṣẹ́ yìí náà ló ń ṣe. Kọ́ìlì inú rẹ̀ kàn kéré ni.

Íǹṣì la fi ń wọn kọ́ìlì, láti etí kan dé èkejì. Èyí tó máa ń bá ẹ̀rọ tuntun wá sábà máa ń wà láàárín 8 sí 11. Àwọn kékeré jẹ́ 4 sí 6. Èyí tó bá ti tó 12 sókè, ńlá ni, wọ́n sì ń ṣe àwọn tó ju 15 lọ pàápàá.

Lóòótọ́, kọ́ìlì ńlá ń wọlẹ̀ ju kékeré lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo nǹkan. Agbára tí kọ́ìlì kékeré ń rán jáde kóra jọ sí tòsí. Ó le gan-an lábẹ́ àwo, ó sì ń tètè kú bó bá ti jìnnà díẹ̀. Ti kọ́ìlì ńlá fọ́n ká. Kò le tó bẹ́ẹ̀ ní tòsí, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó kú. Nítorí náà, ohun ńlá tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bíi páìpù, ìkòkò irin tàbí ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi, kọ́ìlì ńlá ni yóò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n yẹtí tàbí ṣéènì ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, kọ́ìlì ńlá lè gba orí rẹ̀ kọjá láìdún rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyanrìn tó bò ó kò ju ìbú ìka mẹ́rin lọ.

Ẹ má sì retí pé bí ẹ bá fi kọ́ìlì 12 rọ́pò 6, ẹ̀rọ á wá máa wọlẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Agbára tó ń lọ ń dínkù lọ́nà, èsì tí irin ń dá padà náà ń dínkù bó ṣe ń bọ̀. Fún ohun kékeré tó ti jìnnà díẹ̀ sí kọ́ìlì, bí jíjìn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, èsì tó máa dé etí ẹ̀rọ kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú 64 ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ń lò ni pé ohun tó bá tó owó ẹyọ, kọ́ìlì máa ń gbọ́ ọ dé ibi tó jìn tó fífẹ̀ òun fúnra rẹ̀: 6 íǹṣì kọ́ìlì, nǹkan bí 6 íǹṣì nínú ilẹ̀, bí ilẹ̀ bá dára. Bí kọ́ìlì ṣe ń tóbi sí i ni òṣùwọ̀n yìí ń já. Kọ́ìlì 15 kì í fún èèyàn ní 15 lórí owó ẹyọ.

Ìyẹn tilẹ̀ lè má dun olùra púpọ̀. Èyí tó máa dùn ún ni ohun tí ọlọ́jà kì í mẹ́nu bà: bí kọ́ìlì ṣe ń ya nǹkan sọ́tọ̀ síra.

Ẹ mú iyanrìn gbígbẹ tí àwọn èèyàn máa ń jókòó sí ní Suntan Beach, etí òkun Àgbádárìgì. Lẹ́yìn ọjọ́ ọdún, ohun tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ni ìdérí ìgò, irin pélébé tí a fi ń ṣí agolo, fọ́ìlì tí wọ́n fi wé ẹja sísun, àti ìṣó láti ara pákó tí wọ́n fi dáná. Ká ní òrùka ìgbéyàwó kan bọ́ síbẹ̀, tí ìdérí ìgò kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí àárín wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Kọ́ìlì 12 wà lórí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè wà lórí ìṣó méjì mẹ́ta pẹ̀lú. Ìdérí ìgò ń pariwo, òrùka ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ sí yín létí kan ṣoṣo. Ohùn tó máa jáde á kàn máa ta kébékébé, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ á máa fò sókè sódò. Bí ẹ bá sì ti ṣètò ẹ̀rọ yín pé kó má dún sí irin lásán, ó lè dákẹ́ pátápátá, kó sì pa ohùn òrùka mọ́ ti irin.

Ẹ wá gbé kọ́ìlì 5 tàbí 6 dé ojú ibẹ̀, kí ẹ máa rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ìdérí ìgò á dún, ohùn rẹ̀ á já ṣákálá. Á dákẹ́. Ẹ tún sún un síwájú díẹ̀, ohùn mìíràn á wá, tó mọ́ tó sì gún, tó ń dún bákan náà bí ẹ bá ti apá ọ̀tún wá tàbí apá òsì. Ìdákẹ́ kékeré tó wà láàárín ohùn méjèèjì yẹn gan-an lẹ sanwó fún nígbà tí ẹ ra kọ́ìlì kékeré. Kò sí kọ́ìlì ńlá tó lè fún yín níbi tí pàǹtí irin ti pọ̀.

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Ní 1881, nígbà tí wọ́n yìnbọn lu James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Alexander Graham Bell tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù gbé ẹ̀rọ irú èyí wá láti wá ọta ìbọn nínú ara rẹ̀. Kò rí i. Wáyà irin inú bẹ́ẹ̀dì tí Ààrẹ dùbúlẹ̀ sí wà lára ohun tí wọ́n gbà pé ó da ẹ̀rọ náà rú. Dókítà àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ti gbà pé apá ọ̀tún ni ọta wà, nígbà tó jẹ́ pé apá òsì ló wà. Kò sí kọ́ìlì tó lè wo ìyẹn sàn.

Àwa tá a wà létí òkun tún ní ẹjọ́ mìíràn, tí ará òkè kò ní: iyọ̀. Omi iyọ̀ ń gbé iná, nítorí náà kọ́ìlì ń ka iyanrìn tó rin gbingbin fún omi òkun mọ́ irin. Bí kọ́ìlì bá ṣe fẹ̀ tó ni iyanrìn oníyọ̀ tó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó dákẹ́ jẹ́jẹ́ lókè, lórí iyanrìn gbígbẹ, fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ìgbì ń dé. Níbẹ̀, kọ́ìlì 8 sí 10 tó jẹ́ DD (irú wíwé wáyà kan tí mo máa ṣàlàyé láìpẹ́) dára, kí ẹ sì dín bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ràn tó kù. Ẹni tó jẹ́ pé inú omi òkun gan-an ló fẹ́ máa ṣiṣẹ́, irú ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní pulse induction ni kó wá, torí òun máa ń fara da iyọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ní ìhà ọ̀sà, níwájú Marina Àgbádárìgì níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù Gberefu, iyọ̀ inú omi kò tó ti òkun, ẹ̀rọ á sì fara balẹ̀ díẹ̀ sí i.

DD tí mo dárúkọ yẹn, bí wọ́n ṣe wé wáyà inú kọ́ìlì ni. Wọ́n wé ìdì méjèèjì bíi lẹ́tà D, wọ́n wá jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn gun ara wọn díẹ̀ láàárín. Ibi tó ń gbọ́ràn jù jẹ́ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sì ka ariwo ilẹ̀ sí púpọ̀. Irú kejì ni concentric, tí wọ́n fi ìdì kan sínú èkejì. Tirẹ̀ fẹ̀ lókè, ó sì ń ṣóńṣó lọ sísàlẹ̀, torí náà ó rọrùn láti mọ ojú ibi tí nǹkan wà gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń jù ú lọ sọ́tùn-ún sósì, ìdajì àwo ni kí ẹ máa fi sún síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó wà nísàlẹ̀ á bọ́ sáàárín ìlà méjì. Ọ̀pọ̀ kọ́ìlì òde òní, DD ni.

Àléébù kọ́ìlì kékeré ni pé iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀. Ibi tí ẹ fi kọ́ìlì 12 gbá tán láàárín wákàtí kan, ti 6 á gbà tó ìlọ́po méjì. Kọ́ìlì ńlá sì wúwo. Títí di ìrọ̀lẹ́, apá á máa ro yín. Nínú omi ó tún burú, torí omi á máa tì í. Lábẹ́ wáyà NEPA náà, ńlá ló ń kó ariwo iná jọ jù.

Nínú ọgbà ilé àtijọ́, èmi ò ní gbé èyí tó ju 6 lọ dání. Ìṣó páànù tí wọ́n ti ń ká kúrò lórí ilé láti ayé bàbá ńlá wà nínú erùpẹ̀ ibẹ̀ rẹpẹtẹ, àárín wọn sì ni oníní, ẹ̀pìnnì àti tọ́rọ́, owó tí a ń ná kí náírà àti kọ́bọ̀ tó dé ní 1973, máa ń wà. Nínú ilẹ̀ tó gbalasa, níbi tí ẹ ti ń wá páìpù omi tó ti sọnù tàbí òkúta bíkìn tó ní irin nínú, 11 tàbí èyí tó jù ú lọ ló yẹ. Ọ̀rọ̀ kan wà o: Àgbádárìgì kì í ṣe ìlú tí a ń wú ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wuni. Ìlú tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 1845 ṣì wà ní Marina, tí ojú ọjà ẹrú Vlekete wà nítòsí rẹ̀, tí ọ̀nà àwọn ẹrú sì la Gberefu kọjá, ohun ìtàn ló kún inú ilẹ̀ rẹ̀. Òfin 1979 tó dá National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìtàn, sílẹ̀ kò fàyè gba wíwú ohun àtayébáyé láìgba ìwé àṣẹ. Ká tó wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀.

Bí owó kọ́ìlì kan péré ló wà lọ́wọ́, ẹ fi èyí tó bá ẹ̀rọ wá sílẹ̀ síbẹ̀, 9 tàbí 10 tàbí 11. Ó ń ṣe díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Bí owó ìkejì bá wá, kékeré ni kí ẹ fi rà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré ra ńlá, tó wá ń gbé e kọ́ sógiri. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wádìí dájú pé ẹ̀rọ yín gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ìlì náà fún. Ti ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu, kódà láàárín ẹ̀rọ méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe, ẹnu wáyà lè bára mu kí ẹ̀rọ má ṣiṣẹ́.

Ẹ wé wáyà rẹ̀ mọ́ ọ̀pá kó le dáadáa, torí wáyà tó bá ń mì ń mú ẹ̀rọ dún lásán. Bí ẹ bá sì ti etí òkun dé, ẹ bọ́ ìdérí abẹ́ kọ́ìlì, kí ẹ gbọn iyanrìn tó há síbẹ̀ dànù, pàápàá èyí tó dúdú, kí ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dé e padà.