Bakitéríà inú yọ́gọ̀ọ̀tì kọ́ ni wọ́n ń wí

Ẹni tó bá ń gba immunotherapy, ìtọ́jú tó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun ara bá jẹjẹrẹ jà, fún àrùn jẹjẹrẹ kì í pẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí: ẹ máa mu yọ́gọ̀ọ̀tì, ẹ máa mu omi ògì, ẹ ra kápúsù probiotic, bakitéríà rere ló ń jẹ́ kí oògùn yẹn ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń tàn kálẹ̀ jù.

Òótọ́ wà nídìí rẹ̀. Jẹjẹrẹ a máa kó àwọn ọmọ ogun ara ní ìjánu. Oògùn bíi nivolumab àti pembrolizumab ló ń tú ìjánu náà. Pé bakitéríà inú ìfun ń dá sí ìjà yẹn, a gbà.

Ṣùgbọ́n bakitéríà wo? Ní January 2018, ìwádìí mẹ́ta jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Àwọn olùwádìí Paris dárúkọ Akkermansia muciniphila, àwọn ti Houston dárúkọ Faecalibacterium, àwọn ti Chicago fi Bifidobacterium longum sí tiwọn. Melanoma, jẹjẹrẹ awọ ara, ni Houston àti Chicago jọ yẹ̀ wò, síbẹ̀ orúkọ wọn ò bára mu. Nígbà tó di 2022, wọ́n yẹ àwọn aláìsàn melanoma láti orílẹ̀-èdè mélòó kan wò pọ̀: kò sí ẹyọ bakitéríà kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbi gbogbo. Oúnjẹ ìlú, oògùn tí èèyàn ti lò, títí kan bí wọ́n ṣe tọ́jú ìgbẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò, gbogbo rẹ̀ ló ń yí èsì padà. Faecalibacterium yìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ti tó láti pa á. Báwo ló ṣe fẹ́ wà nínú ife yọ́gọ̀ọ̀tì? Lactobacillus ló pọ̀ jù nínú omi ògì, kò sì sí lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n dárúkọ yẹn.

Ní 2021, àwọn ará Houston rí i pé aláìsàn melanoma tó ń jẹ fáíbà (ohun inú oúnjẹ tí ara wa kì í dà, tí bakitéríà inú ìfun ń jẹ) tó gíráàmù 20 lóòjọ́ pẹ́ kí àrùn wọn tó tún gbèrú. Probiotic ò fi nǹkan kan kún un. Nínú eku, ṣe ló dín agbára oògùn kù. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi gíráàmù 11 fáíbà. Ògì tí a sẹ́ kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí èèrí tí à ń dà fún ewúrẹ́ ló kó fáíbà lọ.

Mi ò ní probiotic kankan ò lè wúlò láé. Bakitéríà probiotic kan tó ń jẹ́ Clostridium butyricum fi àmì rere hàn lára àwọn alárùn jẹjẹrẹ kíndìnrín ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n 30 péré ni wọ́n. Ẹ̀rí fáíbà pàápàá, wíwò ni wọ́n wo ohun táwọn èèyàn ń jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí kí bakitéríà inú má bàa kú kọ oògùn apakòkòrò tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ lò. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀, kẹ́ ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an: ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun tí oògùn tú sílẹ̀ ti ń gbógun ti ìfun.