Irin ni àbí rọ́bà? Bí a ṣe ń yan inú pọ́ǹpù tó ń fa omi oníyanrìn

Bí wọ́n bá tú pọ́ǹpù tó ti ń fa omi oníyanrìn fún oṣù mélòó kan, ohun tí wọ́n máa ń bá nínú rẹ̀ lè ya ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí lẹ́nu. Etí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní impeller, á ti fẹ́lẹ́ bíi bíléèdì. Ilé tí abẹ̀bẹ̀ náà ń yí nínú rẹ̀ á ti lu níbi tí omi ti ń ṣẹ́rí jáde. Kì í ṣe ìpẹtà ló ṣe é. Iyanrìn ló ha á lọ, wóró kan tẹ̀lé òmíràn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi sáńdípépà ha igi tọ̀sán-tòru.

Omi tí à ń sọ yìí ni omi tí wóró líle pọ̀ nínú rẹ̀: òkúta tí wọ́n lọ̀ níbi ìwakùsà, eérú láti ilé iṣẹ́ mànàmáná tó ń sun èédú, iyanrìn tí wọ́n ń wà láti ìsàlẹ̀ omi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè pé “irin wo ló le jù?” ti gbé kẹ̀kẹ́ síwájú ẹṣin. Omi ọ̀hún ló yẹ kó kọ́kọ́ wádìí. Báwo ni wóró inú rẹ̀ ṣe tóbi tó? Ṣé ó ní ṣóńṣó àbí ó rí róbótó? Ṣé omi náà gbóná? Ṣé ásíìdì tàbí epo wà nínú rẹ̀?

Nínú gbogbo wóró wọ̀nyí, quartz, irú òkúta líle kan, ni ọ̀tá àgbà, nítorí òun ló pọ̀ jù nínú iyanrìn. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó láti 1 dé 10, 7 ni quartz wà. Irin lásán kò débẹ̀, ìdí nìyẹn tí iyanrìn fi ń gé e. Ohun tí wọ́n máa ń lò dípò rẹ̀ ni irin dídà tí kúróòmù pọ̀ nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá 27 nínú 100. Bí irin yìí bá ń tutù, kúróòmù àti kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á para pọ̀ di wóró kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kábáìdì, tó le ju quartz lọ. Bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe wà nínú kọnkéré ni wọ́n ṣe wà nínú irin náà: iyanrìn lè ha ohun tó yí wọn ká, àmọ́ bó bá dórí wọn, apá rẹ̀ kò ní í ká wọn bọ̀rọ̀. Àbùkù irin yìí ni pé ó máa ń ṣẹ́. Ẹni tó bá fi hámà gbá a á rí i.

Rọ́bà ló wá ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Báwo ni ohun tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń pẹ́ ju irin lọ? Bí wóró iyanrìn bá gbá a, ńṣe ló máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀, tí á sì ta wóró náà padà, láìjẹ́ kó rí nǹkan gé. Ṣùgbọ́n ibi tí wóró bá ti kéré, tí kò sì mú, nìkan ni oore yìí mọ. Òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó á ya á. Bóòtù kan ṣoṣo tó bá já bọ́ sínú páìpù lè bà á jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Epo ń mú kí rọ́bà tí wọ́n fi oje igi ṣe wú, irú tí wọ́n ń pè ní nitrile ló lè fara da epo. Bí omi bá sì ti gbóná kọjá nǹkan bí 70°C, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé rọ́bà oje igi mọ́.

Bí ásíìdì bá wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ di méjì. Awọ tín-ín-rín kan ni kúróòmù máa ń ṣe sórí irin tí kò jẹ́ kí ásíìdì ráyè. Iyanrìn á bó awọ yẹn, ásíìdì á jẹ ibi tó ṣí sílẹ̀, awọ tuntun á yọ, iyanrìn á tún bó o. Irin tí kì í dípẹtà (stainless steel), bíi irú tí wọ́n ń pè ní 316, kò bẹ̀rù ásíìdì púpọ̀, àmọ́ ó rọ̀ lójú iyanrìn. Irin oníkúróòmù 27 náà sì ní wàhálà tirẹ̀: púpọ̀ nínú kúróòmù rẹ̀ ti há sínú kábáìdì, èyí tó ṣẹ́ kù láti fi bo ara kò tó nǹkan. Nítorí náà, wọ́n á fi kún kúróòmù, wọ́n á dín kábọ́ọ̀nù kù, tàbí kí wọ́n lo rọ́bà. Silicon carbide, tí í ṣe seramíìkì, lè fara da iyanrìn àti ásíìdì, bí òkúta ńlá kò bá ti lè débẹ̀; bó bá gbá a pẹ́nrẹ́n, ó ti fọ́ nìyẹn.

Ohun tí wọ́n máa ń gbójú fò jù ni eré. Bí eré omi bá di ìlọ́po 2, jíjẹ tí iyanrìn ń jẹ pọ́ǹpù lè di ìlọ́po 6 sí 8. Pọ́ǹpù ńlá tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ á pẹ́ ju kékeré tó ń sáré kíkankíkan lọ, bí ohun kan náà tilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Mélòó ni wọ́n ti pààrọ̀ irin sí olówó ńlá, nígbà tó jẹ́ púlì tó ń pinnu eré pọ́ǹpù ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀! Àmọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ náà níwọ̀n: bí omi bá fà jù, iyanrìn á sùn sínú páìpù, á sì dí i.

Kò sì pọn dandan kí gbogbo inú pọ́ǹpù jẹ́ ohun kan náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi rọ́bà tẹ́ inú ilé rẹ̀, kí wọ́n sì fi irin oníkúróòmù ṣe abẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yà tó ti jẹ gan-an ló máa ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bó bá ń dán, tó sì ní ipa gígùn tó rí bí ìgbì, híha ló ṣe é, irin tó le jù bẹ́ẹ̀ lè gbà á. Bó bá ṣẹ́ létí, òkúta ló gbá a, irin tó le sí i á tún ṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni. Bí rọ́bà bá ya gbọọrọ, kí wọ́n lọ wo asẹ́ tó wà níwájú pọ́ǹpù kí wọ́n tó ra òmíràn.