Eré orin àti eré olórin orí ìtàgé nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Èkìtì

Oríṣi eré méjì ló wọ́pọ̀ nínú ọgbà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Èyí àkọ́kọ́ ni eré orin, níbi tí olórin tàbí ẹgbẹ́ akọrin ti ń kọrin lójú àwùjọ. Èkejì ni eré olórin orí ìtàgé, èyí tó ń fi orin, ìlù àti ijó sọ ìtàn. Láàárín Yorùbá, ààlà tó wà láàárín méjèèjì kò nípọn. Ìjúbà àti orin ni àwọn alárìnjó, ìyẹn àwọn òṣèré tó ń rin ìlú dé ìlú, fi ń ṣí eré láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni eré ìgbàlódé tí Hubert Ogunde bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1944, inú ìjọ aládùúrà ní Èkó ló ti jáde, orin sì ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọ Èkìtì tó mú eré yìí wọ yunifásítì

Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí wọ́n bí ní Òkèmẹ̀sí lọ́dún 1925, jẹ́ olórí ẹgbẹ́ eré alárìnká kí wọ́n tó pè é sí Yunifásítì Ìbàdàn. Lọ́dún 1962 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ eré sílẹ̀ níbẹ̀, Àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ṣe ìrànwọ́ owó kí Ògúnmọ́lá lè wá ṣiṣẹ́ láàárín àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Èso iṣẹ́ náà ni eré Ọ̀mùtí, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1963. Inú ìtàn ọ̀mu ẹmu tí Amos Tutuola kọ ló ti mú un. Demas Nwoko bá a ṣètò ìtàgé, Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ sì ṣe Láńkẹ́, ẹni tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ orin inú rẹ̀. Ohun ńlá nìyẹn nígbà tó jẹ́ pé eré Gẹ̀ẹ́sì ló gbilẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ tíátà ní Èkìtì mọ orúkọ ọkùnrin yìí. Ọdún 1973 ló kú.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó-Èkìtì, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1982, ní ẹ̀ka tíátà. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, náà ní tirẹ̀. Nínú irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, eré ṣíṣe jẹ́ ara ìdánwò: akẹ́kọ̀ọ́ gba máàkì lórí ìdarí, aṣọ, iná tàbí orin. Yàtọ̀ sí èyí, eré máa ń wáyé nígbà ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ọ̀sẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọjọ́ àṣà. Àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ náà a máa ṣe eré orin ìyìn alẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe orin eré

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù nìyí. Ẹni tó ń kọ orin Yorùbá kò lè kàn gbé ohùn sókè sódò bó ṣe wù ú, torí ohùn ló ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Bí orin bá ṣi ohùn gbé, igbá tí a fi ń mu ẹmu lè di ìgbà, ó sì lè di igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Dò-re-mí ni olùkọ́ fi ń là á yé wọn: dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ti àárín, mí ni ti òkè. Igbá jẹ́ re-mí, ìgbà jẹ́ dò-dò, igbà jẹ́ re-dò. Ọmọ tó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń tètè gbọ́ ọ, torí dò-re-mí yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ orin níbẹ̀.

Bí orin bá tún jẹ́ ti ẹ̀ka-èdè Èkìtì, iṣẹ́ mìíràn dé. Ulé ni Èkìtì ń pe ilé, uṣẹ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Èkó wá gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò lẹ́nu títí tí kò fi ní dún bí ẹni ń sín in jẹ. Alámọ̀, tó jẹ́ ohùn ewì ìbílẹ̀ Èkìtì, ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nílé ló máa ń kọ́ àwọn tó kù.

Ní alẹ́ eré

Jẹnẹrétọ̀ sábà máa ń wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, jìnnà díẹ̀, kí ariwo rẹ̀ má bàa bo ọ̀rọ̀. Bí òtútù òru bá mú awọ gángan, á dẹ̀, onílù á sì yá a níná kó tó gbé e há abíyá, kó fún ọṣán rẹ̀ wò. Gbohùngbohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló yẹ kí ìlù yìí ní. Bí kíbọ́ọ̀dù bá bò ó mọ́lẹ̀, gbogbo oríkì tó ń fi pe òṣèré jáde á sọnù. Àwùjọ kì í jókòó lásán: bí wọ́n bá ti mọ ègbè, wọ́n á gbà á lẹ́nu akọrin.

Ọ̀rọ̀ eré máa ń wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Orí fóònù àti ẹnu àwọn tó kọ ọ́ ló máa ń kù sí. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, àwọn tó tẹ̀ lé wọn á mú ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n á sì wá ohùn tuntun sí i.