Akọ tàbí abo: ibi tí ọwọ́ ìyá ẹran dé

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, akọ ni gbogbo ẹni tó ń sin àgùntàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń fẹ́, torí àgbò ló ń pawó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó agbo jọ ní tirẹ̀, abo ló ń wá. Ìyá àgùntàn kò mọ èyí tí ọjà ń béèrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ara bàbá ló ti bẹ̀rẹ̀. Krómósóòmù ni okùn tín-ín-rín tó ń gbé àbùdá nínú ara. Èyí tí wọ́n ń pè ní X nìkan ni gbogbo ẹyin abo máa ń gbé. Àtọ̀ ló pín sí méjì: àwọn kan gbé X, àwọn kan gbé Y. Bí X bá pàdé ẹyin, abo ni. Bí Y bá pàdé rẹ̀, akọ ni. (Bó ṣe rí lára èèyàn náà nìyẹn, nítorí náà ọkọ tó ń fìbínú bá ìyàwó rẹ̀ wí pé obìnrin nìkan ló ń bí, ẹni ẹlẹ́ni ló dì mú.) Àtọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níye, ìdí nìyẹn tí ìbí fi máa ń sún mọ́ ìdajì-ìdajì. Kárí ayé, bí wọ́n bá bí ọmọbìnrin 100, wọ́n á bí ọmọkùnrin bíi 105.

Èwo wá ni ti ìyá? Ní 1973, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Robert Trivers àti Dan Willard, gbé àbá kan kalẹ̀. Láàárín ẹran tí akọ kan ń gun ọ̀pọ̀ abo, akọ tó lágbára á bímọ rẹpẹtẹ, ọ̀lẹ inú wọn sì lè má rí abo kan gùn títí tó fi máa kú. Abo ní tirẹ̀, ì báà rù, ì báà sanra, á ṣáà bímọ. Nítorí náà, ìyá tí ara rẹ̀ le, tí wàrà rẹ̀ pọ̀, ni yóò jèrè akọ. Èyí tí ebi ń pa, kó yáa bí abo. Ní erékùṣù Rum ní Scotland, àbájáde ìwádìí tó jáde ní 1984 fi hàn pé abo àgbọ̀nrín tó jẹ́ ọ̀gá láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bí akọ ju àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbọ̀nrín wá pọ̀ jù níbẹ̀, tí oúnjẹ di ìjàdù, ìyàtọ̀ yẹn pòórá. Ẹni tó bá ní òun ní oògùn akọ, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè àgbọ̀nrín yìí.

Àyè tí ìyá ní láti fọwọ́ tẹ òṣùwọ̀n kò pọ̀, kò sì pẹ́. Èyí àkọ́kọ́ wà nínú ilé ẹyin, kí àtọ̀ tó débẹ̀. Lára màlúù, Valerie Grant àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Zealand rí i pé ẹyin tí testosterone (èròjà ara tó pọ̀ lára akọ) pọ̀ nínú omi tó yí i ká sábà máa ń di ọlẹ̀ akọ ju èyí tó kéré níbẹ̀ lọ. Èyí tó tún lágbára ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ọlẹ̀ kò tíì lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ. Nínú àwo yàrá ìwádìí, bí ṣúgà bá pọ̀ nínú omi tí wọ́n fi ọlẹ̀ màlúù sí, akọ máa ń là á já ju abo lọ. Orí X ni ọ̀kan nínú àwọn àbùdá tó ń darí lílo ṣúgà wà, abo sì ní X méjì tí méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́ lákòókò yẹn, nítorí náà ṣúgà kì í ṣe ohun kan náà fún àwọn méjèèjì. Abájọ tó fi jẹ́ pé nígbà tí olùwádìí kan, Elissa Cameron, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2004, àwọn tó wo ara ìyá ní àsìkò tó gboyún ló ti àbá 1973 lẹ́yìn jù. Àwọn tó dúró di ọjọ́ ìbí kò rí ohun púpọ̀.

Ti coypu, ẹranko etídò kan tó jọ òyà, le ju ìyẹn lọ. Bí abo tó sanra bá lóyún ọmọ díẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ abo, ó lè ṣẹ́ oyún náà kó tún bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn díẹ̀ náà bá jẹ́ akọ, á gbé wọn dọ́jọ́ ìbí.

Nínú agbo wá ńkọ́? Ẹ gbé ọwọ́ lé eegun ẹ̀yìn àgùntàn, lẹ́yìn egungun ìhà tó gbẹ̀yìn. Bó bá mú bí eyín òòyà, máàkì rẹ̀ jẹ́ 1. Bí ẹ bá wá eegun tì nínú ọ̀rá, 5 ni. 3 ló dára fún ìgùn. Bó bá dín, ẹ fi oúnjẹ kún tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú: èèrí ògì, ewé àgúnmáníyè, èèpo gbágùúdá tí oòrùn ti gbẹ dáadáa, torí tútù rẹ̀ ní májèlé. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi kún un, kí inú má baà wú. Ohun tí èyí ń mú wá jù ni ìbejì, kì í ṣe akọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi nǹkan kà.

Ìṣirò ló ń tan èèyàn jù. Bí àgùntàn 64 bá bímọ mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn lè bí kìkì abo láìsí ìdí kankan. Bí oúnjẹ bá sì sọ akọ di 55 nínú 100, ìbí tó tó 800 lèèyàn máa kà kó tó dá a lójú. Èyí tó ṣeé gbára lé ni ti màlúù, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ya àtọ̀ sọ́tọ̀, torí DNA, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ṣe àbùdá, tó wà nínú èyí tó gbé X fi bíi 4% ju ti Y lọ. Nínú ọmọ 100 tí wọ́n bá bí, nǹkan bí 90 ló máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n fẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ nílé, kó kọ ọjọ́ ìgùn, máàkì ọjọ́ yẹn, àti ohun tí ẹran bí sílẹ̀, títí kan òkú ọmọ. Bí akọ bá ń kú níbi ìbí ju abo lọ, tí wọn kò sì ka òkú mọ́ ọn, á dà bí ẹni pé abo ni ìyá ń yàn.