Ìgbòkun Ńlá Kọ́ Ló Ń Mú Ọkọ̀ Yára Nínú Ìjì

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, òkun jìnnà sí wa, orí tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rí ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun. Bí afẹ́fẹ́ bá ti le, ohun táwọn èèyàn máa ń sọ ni pé kí wọ́n ta gbogbo aṣọ síta kí ọkọ̀ lè sáré. Atukọ̀ tó bá dín ìgbòkun rẹ̀ kù, ojo ni wọ́n á pè é. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan bá di 40, agbára tó fi ń ti aṣọ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Àwọn tó ń tajà l'Ódò-Ògbè mọ̀ ọ́n láìwo ìwé: bí ìjì òjò bá ti ṣú, wọ́n á yára ká tàpólì kí òpó ìsọ̀ má baà wó.

Lórí omi, àpọ̀jù agbára yẹn kì í ti ọkọ̀ síwájú, ńṣe ló ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ tó bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, imú rẹ̀ á máa fẹ́ yí síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, atukọ̀ á sì máa fi gbogbo agbára fa ìtọ́kọ̀ kó má baà ṣìnà. Ìtọ́kọ̀ tó dábùú omi báyẹn ti di bíréèkì. Omi ń hó, ariwo pọ̀, èèyàn á rò pé eré ni. Ọkọ̀ tó ta aṣọ kékeré, tó dúró dáadáa, á sì kọjá lára rẹ̀.

Ẹ wo Laser, ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo ń tù, tó wọ Òlíńpíìkì ní 1996, tí wọ́n ń pè ní ILCA báyìí. Ara ọkọ̀ kan náà, ìgbòkun mẹ́ta: 7.06, 5.76 àti 4.7 ní mítà onígun mẹ́rin. Òpó rẹ̀ ló wù mí jù. Apá òkè kì í yí padà, ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fi èyí tó kúrú pààrọ̀. Ti ìgbòkun tó kéré jù tiẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí agbára aṣọ má baà kó sí iwájú jù.

Nínú ọkọ̀ ńlá, wọ́n á sọ ìgbòkun wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n á so igun iwájú mọ́ ìdí òpó, wọ́n á wá fa igun ẹ̀yìn títí aṣọ á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má fojú kéré fífà yìí o: aṣọ tó bá dẹ̀, tó wú, á ṣì máa da ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ti wù kó kéré tó.

Lóòótọ́, bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, aṣọ kékeré á fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ìwúwo atukọ̀ náà wà níbẹ̀: afẹ́fẹ́ tí ẹni tó sanra lè fi 7.06 kojú lè da ọmọ tó fúyẹ́ sómi. Etí omi ni kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti pààrọ̀ òpó, torí ó ṣòro kéèyàn máa yọ ọ́ láàárín ìgbì.