Qigong: Kí Ló Ń Gbóná Láàárín Ọwọ́ Méjèèjì?

Guangzhou, ní gúúsù Ṣáínà, ni mò ń gbé. Láàárọ̀ kùtù, àwọn àgbàlagbà máa ń kóra jọ nínú ọgbà Yuexiu láti ṣe qigong, èmi náà sì máa ń bá wọn ṣe é. Ìbéèrè tí àwọn ará ilé máa ń bi mí lórí fóònù nìwọ̀nyí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn.

Kí ni qigong gan-an?

Ìdárayá ni, àmọ́ kò sí eré sísá, kò sí ìjà, kò sí irin gbígbé. Ẹ ó máa rọra mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ, ẹ ó máa mí láti ìsàlẹ̀ ikùn, ẹ ò sì ní jẹ́ kí ọkàn yín sá lọ sí ọjà tàbí ibi iṣẹ́. Àwọn ará Ṣáínà gbà pé qi jẹ́ ohun àìfojúrí kan tó ń ṣàn kiri nínú ara. Bó bá ń lọ geere, ara á le. Bó bá dí níbì kan, àìsàn á dé. Ìdárayá yìí ni wọ́n fi ń mú kó máa ṣàn.

Ṣé nǹkan àtijọ́ ni?

Ó ti pẹ́ gan-an. Ní 1973, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ibojì kan ní Mawangdui, nílùú Changsha, tí wọ́n ti dí pa láti ọdún 168 ṣáájú ìbí Jésù. Wọ́n bá àwòrán kan nínú rẹ̀ lórí aṣọ sílíìkì: ènìyàn 44, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ń nara, tí wọ́n ń tẹ̀, tí àwọn míì ń fara wé ẹranko.

Àmọ́ kò tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí orúkọ náà, qigong, gbilẹ̀. Liu Guizhen, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ Kọ́múnístì kan ní ìpínlẹ̀ Hebei, ní ọgbẹ́ inú. Ó ní ìdárayá yìí ló wo òun sàn ní ìparí àwọn ọdún 1940, ìjọba sì jẹ́ kó máa fi tọ́jú aláìsàn ní Tangshan àti Beidaihe láàárín àwọn ọdún 1950. Nígbà tí ìjì òṣèlú Mao, olórí Ṣáínà nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní 1966 (Cultural Revolution ni wọ́n ń pè é), wọ́n gbógun ti qigong. Ó padà wá láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn ọgbà ìlú sì kún. Ní 2003, ẹgbẹ́ qigong tí ìjọba dá sílẹ̀ gbé ìlànà mẹ́rin jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni Baduanjin, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ tí àwa ń ṣe.

Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti mọ qi yìí lára?

Mo ti mọ nǹkan kan lára, ó sì dá mi lójú. Ìdúró kan wà tí wọ́n ń pè ní zhan zhuang. Ẹsẹ̀ á yà tó ìwọ̀n èjìká, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, apá méjèèjì á ká síwájú àyà bí ìgbà téèyàn gbá igi ńlá mọ́ra. A ò ní mira. Lákọ̀ọ́kọ́, ìrora nìkan ni: èjìká wúwo, itan ń gbọ̀n, ọkàn ń ka ìṣẹ́jú. Mo bi bàbá tó ń kọ́ wa pé kí ni kí n máa retí. Ó ní kí n má retí nǹkan kan, kí n ju èjìká sílẹ̀.

Ó tó oṣù mélòó kan kí ara mi tó gbà. Àtẹ́lẹwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ìka á máa ta mí díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá rọra mú ọwọ́ méjèèjì súnmọ́ ara wọn, á ṣe mí bíi pé ohun rírọ̀ kan wà láàárín wọn tó ń tì wọ́n padà. Ìbínú tí mo gbé jí á ti rọlẹ̀ kí n tó délé. Àwọn ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní qi ti dé.

Kí ló wá ń fà á?

Ohun tí a mọ̀ nípa ara ṣàlàyé púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ara bá balẹ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọwọ́ máa ń fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ síbẹ̀, ọwọ́ á gbóná. Èémí tó falẹ̀ máa ń ti ara vagus, iṣan kan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ọkàn, dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́. Ibi téèyàn bá sì gbé gbogbo ọkàn sí lára rẹ̀, ibẹ̀ ló máa mọ̀ jù: ẹ gbé ọkàn sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín báyìí, kí ẹ wò ó.

Lójú tèmi, àlàyé yìí kò bu iyì rẹ̀ kù. Òótọ́ ni ohun tí ara mọ̀, òótọ́ sì ni ìfọ̀kànbalẹ̀ tó ń bá a rìn. Ṣùgbọ́n pé ọwọ́ mi gbóná kò tó ẹ̀rí pé agbára kan ń ti inú rẹ̀ jáde lọ sára ẹlòmíràn.

Ṣé ẹnì kan lè fi qi wò mí sàn láìfọwọ́ kàn mí?

Ẹ má sanwó fún un. Wọ́n dán ohun tó fara jọ ọ́ wò ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1998. Àwọn 21 tó ń ṣe Therapeutic Touch (nínà ọwọ́ sókè ara aláìsàn láìfọwọ́ kàn án, láti fi wò ó sàn), tí wọ́n ní àwọn máa ń mọ agbára tó yí ènìyàn ká, na ọwọ́ kọjá pátákó tí kò jẹ́ kí wọ́n ríran. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan á gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè ọ̀kan nínú ọwọ́ wọn, wọ́n á sì sọ èwo ni. Nínú ọgọ́rùn-ún, 44 ni wọ́n gbà; ẹni tó kàn ń sọ ọ́ bó ṣe wá sí i lẹ́nu á gbà tó 50. Ẹni tí àyà mi ń já sí ni ìyá àgbà tó máa tìtorí irú ìlérí bẹ́ẹ̀ dáwọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Kí wọ́n ṣe qigong, kí wọ́n sì lo oògùn wọn.

Ṣé kò tako ẹ̀sìn?

Mo máa ń kí ìrun asùbáà kí n tó jáde lọ síbẹ̀. Kò sí àdúrà, ère tàbí ètùtù nínú Baduanjin. Àwọn ẹ̀ka qigong míì so mọ́ ẹ̀sìn Dao tàbí ti Búdà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kí ẹ tó wọlé.

Ṣé ó léwu?

Kò léwu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọn ò bá fipá ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà Ṣáínà ti ṣàkọsílẹ̀ àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú lẹ́yìn àṣejù qigong, ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tó jáde ní 1994 náà sì dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ti ṣe rí, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ nílé?

Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Baduanjin tó. Ẹ dúró, ẹ ki ìka ọwọ́ méjèèjì bọ ara wọn níwájú ikùn. Ẹ mí sínú bí ẹ ṣe ń gbé wọn lọ sókè orí, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ọ̀run, ẹ nà dáadáa. Ẹ mí síta bí ọwọ́ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn lè jókòó sórí àga ṣe é. Bí òòyì bá fẹ́ kọ́ yín, ó lè jẹ́ pé ẹ ti ń mí jù. Ẹ dúró ná, kí ẹ jẹ́ kí èémí padà sí bó ṣe máa ń lọ.